Táíwò Tó Bá Pákó Jó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ ibí. Ohun ìyanu tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kì í ṣe àlọ́. Ọkùnrin náà gbé ayé, a gbọ́ orin rẹ̀, a sì gbọ́ ikú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a bí sí Òrè àti Odígbó mọ igi. Ariwo sọ́míìlì ló ń jí yín. Ẹ mọ ìrókò, ẹ mọ arère, ẹ mọ mẹlínà tí ìjọba gbìn sínú igbó ọba Olúwa. Ẹ mọ bí onígẹdú ṣe ń wo ìtì igi kan, tí á ti mọ iye pákó tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù ní ojú mìíràn tí wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n ní igi ọmọ tàbí apá tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó ti ń gbọ́ ohùn èèyàn láti kékeré, ni ìlù rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ tó já geere. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń sọ yìí mú pákó tí ẹnikẹ́ni kò ní kó sọ̀rọ̀, ó sì mú un jó.

Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú ni wọ́n ti bí i ní 1944, ní Ìpínlẹ̀ Kogí tòní. Ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì. Ọmọ mẹ́rìnlá! Òun nìkan ló yè. Táíwò Oláníyì ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ nígbà tó dàgbà, ó fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe orúkọ: Twins Seven-Seven. Àwa àgbà mọ ohun tí irú èyí ń jẹ́. Ẹni tó ti ń lọ tó ti ń bọ̀ ni, tó wá rí ohun kan láyé tó wù ú, tó ní òun yóò dúró.

Ijó ni ohun náà. Olóògùn kan ń kiri ìlú, Táíwò a máa jó níwájú rẹ̀ kí èrò lè pé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Òṣogbo ní 1964, níbi tí gbàgede iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo wà, èyí tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1962. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ Seven-Seven sí lẹ́yìn gàdàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gbogbo ojú sì yí sí i. Olóògùn bá tirẹ̀ lọ, Táíwò dúró. Lọ́dún náà ni Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà, àwọn bíi Mùráínà Oyèlámi àti Rufus Ògúndélé. Táíwò jókòó tì wọ́n, ó mú kálàmù àti yíǹkì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí. Kò gba ọ̀nà gbẹ́nàgbẹ́nà, bíi Lámídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó jogún àáké. Pílàíwúùdù ni Táíwò yàn, pákó tí káfíńtà fi ń ṣe àjà ilé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á bó ìtì igi bí ẹni ń tú ẹní, wọ́n á wá fi àtẹ̀ lẹ ìpele kan mọ́ èkejì. Táíwò yàwòrán sórí rẹ̀, ó gé e, ó tún to èyí tó gé lérí ara wọn, títí iwin, ẹja àti ẹyẹ fi yọrí jáde láti ara pákó bí ẹni fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ìlà kan kò dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Bí mo bá ń wò ó, ẹsẹ̀ oníjó ni mò ń rí. Igbó tí Fágúnwà òǹkọ̀wé, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, fi ọ̀rọ̀ kọ́, igi ni Táíwò fi kọ́ tirẹ̀.

Kò sì tìtorí igi fi orin sílẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀, ó ń kọrin, ó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ní kó mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ó dé Amẹ́ríkà, ìyà jẹ ẹ́ ní Philadelphia, débi pé ó ṣọ́ ọkọ̀ olọ́kọ̀ kó tó jẹun. Ó dùn mí púpọ̀. Àmọ́ ní 2005, àjọ UNESCO pè é, wọ́n fi í jẹ Oníṣẹ́-ọnà fún Àlàáfíà. Ó padà wálé. Ìbàdàn ló kú sí ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ẹni ọdún 67 ni. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ìdánilójú pé yóò rí ọ̀sẹ̀ kejì, ó lo ọdún 67, ó sì fi gbogbo rẹ̀ jó.