Ṣé Olè Ni Ẹni Tí Ó Da Àwo Kọ̀ǹpútà Kọ?

Bí àgbẹ̀ kan ní Igbó-Ọrà bá gé igi pákí nínú oko rẹ̀ tí ó fi fún aládùúgbò rẹ̀ láti gbìn, kò sí ẹni tí yóò pe aládùúgbò náà ní olè. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ oko lóru tí ó gé igi kan náà, olè ni. Igi kò yàtọ̀. Àṣẹ olóko ni ó yàtọ̀.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìbàràpá, ní Èrúwà àti Igbó-Ọrà, fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń da àwo ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà kọ fún ara wọn. Àwọn kan rò pé gbogbo àdàkọ ni olè jíjà. Àwọn mìíràn rò pé kò sí èyí tí ó burú níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó ni í ni ó lè fúnni láṣẹ láti dà á kọ. Microsoft kò fúnni láṣẹ láti da Windows kọ kí a sì máa tà á. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti rú òfin.

Ti Linux kò rí bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GNU, èyí tí Richard Stallman ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989. Ìwé náà sọ gbangba pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó dà á kọ, kí ó pín in, àní kí ó gba owó lórí rẹ̀. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ará Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2004, ti ara Linux jáde. Títí di 2011 ni a ń fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè.

Ṣùgbọ́n àṣẹ náà ní ìlànà. Ẹni tí ó bá pín in kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ kan náà du ẹni tí ó gbà á. Kí ìwé àṣẹ bá àwo lọ, kí ẹni tí ó gbà á sì lè rí àkọsílẹ̀ tí ó jẹ́ orísun ètò náà. Ẹni tí ó bá sé ọ̀nà yìí mọ́ ẹlòmíràn, òun náà ti rú òfin.

Àìlówó ni ó ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ sínú àdàkọ tí òfin kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí òfin gbà wà nílẹ̀. Àwa rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n fi í hàn wọ́n, kí wọ́n sì kọ́ wọn láti ka ìwé àṣẹ kí wọ́n tó da ohunkóhun kọ, ì báà ṣe sórí àwo, ì báà ṣe sórí fláàṣì. Igi tí olóko bá fi tọkàntọkàn fúnni, kí a gbìn ín, kí a sì gé nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.