Ìwọ̀, Okùn àti Ìjẹ fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Pẹja

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń fi ìwọ̀ pẹja di ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí mú ṣinṣin, nítorí ohun tí ó ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo ni pé, wọ́n ra ìwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ojúkòkòrò wọn ti tó, wọn kò rà á gẹ́gẹ́ bí ẹnu ẹja ti tó.

Láàrin àwọn òkè àpáta Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, odò ńlá kò pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn odò ibẹ̀ kéré. Wọn a kún nígbà òjò, wọn a sì fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí yóò fi ku omi díẹ̀ nínú kòtò àpáta. Adágún Àwárà wà ní Ìkàrẹ́, tí a sé kí ìlú lè rí omi lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹja níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹja méjì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ ìwà wọn: epìyà àti àrọ̀. Epìyà ní ìpẹ́, ẹnu rẹ̀ kéré, ọ̀sán ni ó sì ń jẹun lẹ́bàá koríko etí omi. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ó ní irùngbọ̀n mẹ́jọ tí ó fi ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, òru ni ó sì fẹ́ràn láti máa jẹ̀.

Ìwọ̀.—Àwọn tí ń ṣe ìwọ̀, bí ilé-iṣẹ́ Mustad ti ilẹ̀ Norway tí ó ti ń ṣe é láti ọdún 1877, a máa kọ nọ́ńbà sí ara páálí rẹ̀. Nọ́ńbà yìí a máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí bí ó ti ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i: nọ́ńbà 12 kéré ju nọ́ńbà 6 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá rí 1/0 tàbí 2/0, ìwọ̀ ńlá ni, 2/0 sì tóbi ju 1/0 lọ. Nọ́ńbà 10 tàbí 12 tó fún epìyà. Nọ́ńbà 4 títí dé 1/0 ni ó yẹ àrọ̀. Bí ọlọ́jà bá da ìwọ̀ sínú àwo láìsí páálí, kí ẹni tí ń wá epìyà mú èyí tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju hóró àgbàdo lọ. Kí ó fi ṣónṣó rẹ̀ wọ́ orí èékánná díẹ̀: bí ó bá kọ́ èékánná, ó mú, bí ó bá yọ̀ lọ, kí a pọ́n ọn lára òkúta.

Ọ̀pá àti okùn.—Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, tí a sá gbẹ nínú ibòòji, ti tó. Kí okùn má ṣe gùn ju ọ̀pá lọ. Ọdún 1935 ni a kọ́kọ́ ṣe náílọ́ọ̀nù ní Amẹ́ríkà. Okùn rẹ̀ kì í jẹrà nínú omi bí ti òwú, ṣùgbọ́n oòrùn a máa bà á jẹ́, nítorí náà kí a má ṣe fi í sílẹ̀ níta. Okùn tí ó lè gbé kílò 3 tó fún epìyà. Ti àrọ̀ gbọ́dọ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a fi omi tu kókó rẹ̀ lára kí a tó fà á le. Ègé pòròpórò gbígbẹ tí ó léfòó yóò sọ fún apẹja nígbà tí ẹja bá fọwọ́ kan ìjẹ. Àwọn kan a máa fi òjé kékeré fa okùn sísàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi eyín tẹ̀ ẹ́, nítorí òjé jẹ́ májèlé.

Ìjẹ.—Ekòló ni ìjẹ tí ó rọrùn jù lọ. A ó rí i nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti lẹ́yìn balùwẹ̀. Kí a kó o sínú igbá pẹ̀lú ilẹ̀ tútù, kí a sì gbé e sínú ibòòji. Fún epìyà, ègé kékeré tó. Kí ó bo ṣónṣó ìwọ̀ nìkan. Ẹ̀bà líle tí a pò bí hóró ẹ̀wà tún dára. Fún àrọ̀, òórùn ni ó ń pè é: odidi ekòló tàbí ìfun adìẹ, kí ó sì kan ilẹ̀ odò. Kí a ṣọ́ra fún ẹ̀gún tí ó wà ní lẹ́bẹ́ àyà àrọ̀. Bí ó bá ṣe òjìjí ni ó gbé ìwọ̀ mì, kí a gé okùn, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án, nítorí ó ń gbọn ènìyàn bí iná mànàmáná.

Ìlera.—Ọ̀pá gígùn ní èrè mìíràn: kò jẹ́ kí apẹja wọ omi. Àrùn àtọ̀sí ajá ń ti ara ìgbín inú omi wá. Àwọn ọmọ kòkòrò rẹ̀ a máa gba awọ ara wọlé láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí apẹja jókòó lórí àpáta gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì tọ̀ sínú odò. Bí ọmọdé bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe pè é ní ohun kékeré. Kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn praziquantel ń wò ó.

Ìkìlọ̀.—Àwọn kan kò ní sùúrù ìwọ̀. Wọ́n da Gammalin 20, tí a fi ń pa kòkòrò ara igi kòkó, sínú odò, wọ́n sì kó ẹja tí ó léfòó. Lindane ni májèlé inú rẹ̀. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé kọ orúkọ rẹ̀ sí àkójọ àwọn ohun tí ó yẹ kí a mú kúrò nínú ayé. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 lórí ẹja inú odò náà sì ka fífi májèlé pẹja léèwọ̀. Májèlé kò mọ ńlá yàtọ̀ sí kékeré: ó pa ìyá, ó pa ẹyin, ó sì ń ṣàn lọ bá obìnrin tí ń pọn omi nísàlẹ̀ odò. Nínú kòtò omi tí ó kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgò kan tó láti pa gbogbo ẹja tí ìbá tún odò náà kún nígbà òjò.

Ìwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mú ẹyọ kan, ó fi ìyókù sílẹ̀. Irú epìyà kan a máa kó ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sí ẹnu. Bí a bá mú irú rẹ̀, kí a dá a padà sínú omi. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀pá kan, ìwọ̀ kékeré méjì àti ekòló mẹ́wàá, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ títí oòrùn yóò fi rọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò jẹ ẹja lónìí, yóò sì tún bá ẹja lódò lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó da májèlé sódò ti jẹ ti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.