Bí A Ṣe Ń Tún Àkókò Pọ́ǹpù Ẹ́ńjìnì Díísù Ṣe



Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní agbègbè Òrù, a rí i pé owó epo díísù ń ga sí i, gàrí tí wọ́n ń rí kò sì pọ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ti fẹ́ lé ọmọ tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnì, wọ́n ní ó ń jí epo tà. A ní kí wọ́n ní sùúrù, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ́ńjìnì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Nígbà tí mẹkáníìkì wò ó, àkókò pọ́ǹpù ló ti yẹ̀.

Ẹ́ńjìnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì. Nínú ẹ́ńjìnì tí Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe yọrí ní 1897, afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ títí ó fi gbóná ló ń dáná sí epo, bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí di òní. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tú epo sílẹ̀ díẹ̀ kí písítìnì tó dé òkè pátápátá. Bí epo bá tètè dé jù, ẹ́ńjìnì á máa lù kànkàn, ó sì lè ta padà mọ́ ẹni tó ń fọwọ́ yí i. Bí ó bá pẹ́, agbára á dín kù, èéfín á pọ̀, epo á sì máa ṣòfò.

Bí a ṣe ń wò ó lára Lister àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń yí ẹ̀rọ ìrin gbágùúdá, nìyí:

Èkínní, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ nu pọ́ǹpù mọ́ tónítóní.

Èkejì, ẹ tú páìpù tó lọ sí nọ́sù. Ẹ ṣí orí pọ́ǹpù, ẹ yọ sípíríìngì àti fáàfù kékeré inú rẹ̀ sínú díísù mímọ́, kí ẹ wá dá orí náà padà.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí epo sílẹ̀ dáadáa, yóò máa ṣàn jáde. Ẹ rọra yí wíìlì ńlá sí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì máa ń yí sí. Ibi tí epo bá ti dá ni pọ́ǹpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni epo ń dá nínú yíyí méjì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo àmì ara wíìlì. Bí epo bá dá kí àmì tó dé, ó yá jù. Bí àmì bá ti kọjá, ó pẹ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó de tápẹ́ẹ̀tì abẹ́ pọ́ǹpù. Bí ẹ bá gbé e sókè, epo á tètè dé. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, á pẹ́ sí i. Ẹ dè é, kí ẹ tún un wò.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dá fáàfù àti sípíríìngì padà, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde.

Ẹ má fi àmì ẹ́ńjìnì kan tún òmíràn ṣe. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnì wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì fi ọwọ́ sí iwájú nọ́sù tó ń tu epo, ó lè wọ inú ẹran ara.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pọ́ǹpù láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ mọ̀. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye lítà díísù àti iye àpò gàrí sínú ìwé. Bí epo bá ń pọ̀ tí gàrí kò pọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ́ńjìnì léèrè kí ẹ tó bi ènìyàn.

Ọmọ tí wọ́n fẹ́ lé yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.