Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Lórí Ọpọ́n Tuntun

Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Sinclair Research ti ìlú Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí ó ń jẹ́ ZX Spectrum. Ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán inú ilé ni a ń so ó mọ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, ni ó sì ń pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ sí. Ní 1986, Sinclair ta iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Amstrad. Kí ọdún 1992 tó parí, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀. Síbẹ̀, lónìí, àwọn kan ń fi àkókò ìgbafẹ́ wọn tún irú ẹ̀rọ yìí dá. Kí ni wọ́n ń wá?

Irin àti ike nìkan kọ́ ni ó ń kú nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Ìmọ̀ ń bá a kú. Ṣípù kan wà nínú Spectrum tí à ń pè ní ULA, èyí tí Ferranti ṣe fún Sinclair. Òun ni ó ń ya àwòrán, tí ó ń mọ bọ́tìnì tí ìka tẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ ohùn kásẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jó, ẹ̀rọ dákẹ́ nìyẹn. Chris Smith ni ó fi sùúrù yẹ inú ṣípù náà wò, tí ó sì tẹ ìwé jáde ní 2010 láti ṣàlàyé bí a ṣe tò ó.

Ohun tí wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ náà dá ni FPGA, tí ilé-iṣẹ́ Xilinx ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1985. Ẹni tí ó bá mọ ọpọ́n Ifá yóò tètè lóye rẹ̀. Babaláwo a da ìyẹ̀rosùn sí ọpọ́n, a tẹ odù. Bí ó bá parí, a pa á rẹ́, a sì tẹ òmíràn. Igi ọpọ́n kò yí padà. Ohun tí a tẹ̀ sí i ni ó ń yí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni FPGA. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀. Ìlànà tí a kọ ní èdè bíi Verilog tàbí VHDL ni ó ń pinnu bí wọn yóò ṣe so kọ́ra. Nínú iṣẹ́ MiSTer, tí Alexey Melnikov bẹ̀rẹ̀ ní 2017, pátákó kan náà lè jẹ́ Spectrum láàárọ̀, kí ó di Commodore 64 lálẹ́.

Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà òde-òní lè sín Spectrum jẹ. Ṣùgbọ́n ó dà bí onílù kan ṣoṣo tí ó ń sáré láti ìdí ìyáàlù lọ sídìí kẹríkẹrì, tí ó tún bọ́ sídìí gúdúgúdú. Bí ó bá yára tó, etí lè má mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni ó ń lù wọ́n. Nínú FPGA, ìlù kọ̀ọ̀kan ní onílù tirẹ̀: apá tí ó ń ṣírò àti apá tí ó ń yàwòrán ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ti ń ṣe ní 1982.

Àmọ́ FPGA kò mọ ohun tí a kò kọ́ ọ. Bí ẹni tí ó kọ ìlànà bá ṣìnà, ẹ̀rọ yóò ṣìnà. Nítorí náà, àtúndá ni ìdánwò ìmọ̀. Z80, tí í ṣe ọpọlọ Spectrum, ní transistor bí 8,500. Ènìyàn kan lè lóye gbogbo rẹ̀. Ti òde-òní ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù lọ. Kò sí ẹnìkan tí ó lè dá nìkan mọ̀ ọ́n tán.

Rick Dickinson ni ó ya ara Spectrum ti 1982. Òun náà ni ó ya ti Spectrum Next, tí a fi FPGA ṣe. Ó kú ní 2018. Ní 2020 ni ẹ̀rọ náà tó dé ọwọ́ àwọn tí ó rà á. Àgbà lọ, iṣẹ́ kò bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, láti Ààyè-Èkìtì dé Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ lò kò tíì mọ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó lè tún un dá ni ó jogún rẹ̀.