Èdè-Ìperí fún Fèrè Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àlàyé fèrè inú kọ̀ǹpútà ní èdè Yorùbá yóò bá ìṣòro mẹ́ta pàdé. Ìkíní ni orúkọ fèrè náà fúnra rẹ̀. Ìkejì ni orúkọ ohun tí wọ́n kó pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Ìkẹta sì ni bóyá ó tọ́ láti pe irú fèrè bẹ́ẹ̀ ní ayédèrú.

“Fèrè idẹ” ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn fún ẹbí tí tròńpẹ́ẹ̀tì, tròńbóònù àti túbà wà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà. Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe sasofóònù, síbẹ̀ kò sí nínú ẹbí náà, nítorí pé pẹlẹbẹ esùsú ni ó ń gbọ̀n ní ẹnu rẹ̀. Ìwo ẹran kì í ṣe idẹ, ṣùgbọ́n ètè ẹni tí ń fọn ún ni ó ń gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ti tròńpẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, “fèrè àfètèfọn” ni ó sàn jù: bí ó ṣe ń dún ni ó tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ní ti ìṣòro kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún nǹkan méjì. Kí ẹ̀rọ tó lè gba ìró sílẹ̀, ó ní láti wọn ìgbì rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ní ti àwo CD, ìgbà 44,100 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni “ìwọ̀n-ìró”. Odidi ìró kan tí olórin fọn tí ẹ̀rọ sì pa mọ́ ni “ìró-àgbàsílẹ̀”. Bí ìró-àgbàsílẹ̀ kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, 132,300 ìwọ̀n-ìró ni yóò wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní “àpẹẹrẹ” yóò da akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójú rú.

Ìṣòro kẹta ni ó wúwo jù. Jean-Claude Risset fi hàn ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1960 sí 1969, pé bí wọ́n bá ti ń fọn tròńpẹ́ẹ̀tì kíkan sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìró òkè tí ó wà nínú ohùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Fífọn jẹ́jẹ́ tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ sọ di ńlá kò lè dún bí fífọn kíkan. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Vienna Symphonic Library, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ́stríà ní 2000, fi ń mú kí olórin fọn ìró kan náà jẹ́jẹ́, níwọ̀ntúnwọ̀nsì àti kíkankíkan, tí wọ́n sì tún ń gba bí ìró kan ṣe ń yọ́ bọ́ sínú òmíràn sílẹ̀.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí ó pe èyí ní ayédèrú ti pa èémí olórin rẹ́. “Fèrè àfarawé” yẹ ẹ̀rọ tí ń fi ìṣirò nìkan dá ohùn, irú èyí tí John Chowning ṣàlàyé ní 1973. Èyí tí èémí ènìyàn wà nínú rẹ̀, “fèrè àgbàsílẹ̀” ni ó tọ́ sí i.