Ọpọ́n Ayò tí a fi Ìmọ́lẹ̀ Gbẹ́

Ní Ajue àti ní Ọ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tọmọdé tàgbà ni ó mọ ọpọ́n ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48. Ọmọ ayò kò lè ti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn àfi bí ọwọ́ bá gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe ọpọ́n kan tí ọmọ inú rẹ̀ ń ti ihò dé ihò láìsí ọwọ́ tí ó gbé e. Átọ́ọ̀mù ni ọmọ ayò náà. Ìmọ́lẹ̀ ni ọpọ́n.

Átọ́ọ̀mù ni ẹyọ tíńtín tí ohun gbogbo fi ara jọ. Wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Eré tí wọ́n ń sá ni a ń pè ní ìgbóná. Ẹni tí yóò mú wọn tutù níláti dín eré wọn kù. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni a kọ́kọ́ ń lò: a máa dojú kọ átọ́ọ̀mù bí ìjì ti ń dojú kọ arìnrìn-àjò, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wúwo. Claude Cohen-Tannoudji, ẹni tí a bí ní Constantine ní ilẹ̀ Algeria ní 1933, wà lára àwọn mẹ́ta tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997 nítorí iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, a ó jẹ́ kí àwọn tí ó gbóná jù fò lọ, bí oru ti ń gbé ìgbóná kúrò lára ẹ̀kọ. Ìyókù a tutù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwọ̀n 273 lábẹ́ òdo, níbi tí òtútù pin sí.

Bí ìtànṣán lésà méjì bá dojú kọ ara wọn, ìmọ́lẹ̀ wọn a di òkè àti kòtò tí kì í yẹsẹ̀. Nínú kòtò wọ̀nyí ni átọ́ọ̀mù ń jókòó. Àlàfo ihò kan sí èkejì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà.

Ní 2002, Markus Greiner, Immanuel Bloch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Munich, ní Jámánì, kó átọ́ọ̀mù rubidium sínú irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò lágbára, ihò kò jìn, átọ́ọ̀mù kò sì ní ilé kan pàtó: ó tàn ká ihò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbì omi. Nígbà tí wọ́n fi agbára kún ìmọ́lẹ̀, olúkúlùkù fìdí kalẹ̀ sílé tirẹ̀. Wọ́n dín in kù, wọ́n sì tún tàn ká.

Kí ni èrè rẹ̀? Bí iná mànàmáná ti ń gba inú wáyà kọjá, apá kan agbára rẹ̀ a di ooru, a sì ṣòfò. Àwọn ohun kan wà tí iná ń gba inú wọn kọjá láìṣòfò bí wọ́n bá tutù gidigidi, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nínú díẹ̀ lára wọn kò tíì yé ẹnikẹ́ni, nítorí ìṣirò rẹ̀ ju agbára kọ̀ǹpútà lọ. Nínú ọpọ́n ìmọ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ lè mú átọ́ọ̀mù ṣe bí ohun tí ń rìn nínú wáyà náà, kí wọ́n sì máa fi ojú wò ó. Ohun tí ìṣirò kò lè rí, ayò lè fi hàn.