ORÚNKÚN TÍ Ń DUNNI ÀTI IṢAN ẸSẸ̀ TÍ Ó LE

Ní Ojúrin ní Akobo, láti òwúrọ̀ ni àwọn obìnrin ti ń pàtẹ ọjà, wọn a sì jókòó lórí àpótí kúkúrú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde, ọwọ́ a lọ sí orúnkún. Wọn a ní àgbà ti dé. Ohun tí ó tún ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni pé wọn kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́, àwọn tí kò mọ̀ a sì pè é ní ìgbéraga.

Nígbà mìíràn, ọjọ́ orí ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣan tí ó yí orúnkún ká ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Iṣan ńlá iwájú itan gbá egungun kékeré tí ó bo orúnkún mú, ó sì so mọ́ egungun ojúgun. Bí iṣan yìí bá le, a máa tẹ egungun kékeré náà mọ́ egungun itan, bí ọmọ ọlọ mọ́ ọlọ; ìdí rẹ̀ nìyí tí sísọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fi ń nini lára. Àwọn iṣan ẹ̀yìn itan pẹ̀lú kọjá lẹ́yìn orúnkún. Ẹni tí ó bá ń jókòó pẹ́ ń ká wọn kò, wọn a sì kọ̀ láti nà. Orúnkún kì yóò nà tán bí a ti ń rìn, iṣẹ́ a sì pọ̀ fún iṣan iwájú.

Ẹ jókòó sí etí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú, kí gìgísẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú láti ìbàdí títí ẹ̀yìn itan yóò fi máa fà, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójoojúmọ́. Ní ti iwájú itan, ẹ di ògiri mú, kí ẹ fa ọrùn ẹsẹ̀ sẹ́yìn sí ìdí. Kí ó fà ni a ń fẹ́, kì í ṣe kí ó dunni. Ẹ má sì retí ìyàtọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Oògùn ìrora tí àwọn kan ń gbé mì lójoojúmọ́ lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí orúnkún bá wú, tí ó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, tàbí tí ẹsẹ̀ kò ṣeé tẹ̀lẹ̀, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. UCH, tí a ṣí ní 1957, kò jìnnà sí Akobo. Láti 1966 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ìdárayá wo iṣan àti oríkèé.